Kilimanjaro: ọjọ́ la fẹ́ fi owó wa rà

Láti ìgbà tí mo ti la ẹnu sọ ní ṣọ́ọ̀bù mi nítòsí Tààkì, ní Ògbómọ̀ṣọ́, pé mò ń múra àtigun òkè ni àwọn oníbàárà ti ń kó ìbéèrè àdúrà wá bá mi. Màmá kan tí mo máa ń rán bùbá àti ìró fún tilẹ̀ kọ orúkọ àwọn ọmọ wọn sínú ìwé pélébé, wọ́n ní kí n má gbàgbé èyí tó ń wá iṣẹ́. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè àdúrà ni mò ń wí. Kilimanjaro ni, ní Tanzania, òkè tó ga jù lọ ní Áfíríkà, 5,895 mítà sókè láti etí òkun. Èmi, àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Ìbàdàn, àti Ìyá Bọ́lá ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì la jọ ń lọ. Oṣù kejì ọdún tó ń bọ̀ la fi sí, nítorí láàárín oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ níbẹ̀.

Òfin ibẹ̀ kò gba kí ẹnikẹ́ni dá gun òkè yìí. Dandan ni kí èèyàn gba afinimọ̀nà tó ní ìwé àṣẹ. Nítorí náà ohun tó kù fún wa láti pinnu ni ọ̀nà tí a ó gbà àti iye ọjọ́ tí a ó lò. Ibẹ̀ gan-an ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ọjọ́ márùn-ún ti tó. Ẹ ò rí i bí owó rẹ̀ ṣe kéré?”

Ọ̀nà Marangu ló ń wí. Inú ilé ni èèyàn máa ń sùn sí lójú ọ̀nà yẹn, kì í ṣe àgọ́, ìyẹn sì wu èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ṣe ń gòkè: alẹ́ àkọ́kọ́ ní Mandara, 2,720 mítà; alẹ́ kejì ní Horombo, 3,720; alẹ́ kẹta ní Kibo, tó tó 4,700. Tó bá sì ti ń lọ sí ọ̀gànjọ́ òru kan náà, wọ́n á jí yín pé ó yá, ẹ máa bọ̀ ní ṣóńṣó. Ògbómọ̀ṣọ́ tí a ti ń bọ̀ kò tó 400 mítà. Chappal Waddi ní Taraba, tó ga ju gbogbo òkè Nàìjíríà lọ, 2,419 mítà ni. Kò sí ọmọ Nàìjíríà tó ti sùn níbi tó ga tó ibi tí a ó ti sùn lálẹ́ àkọ́kọ́ láìkúrò nílé.

Ọ́síjìn kò tán nínú afẹ́fẹ́ òkè o. Ìdá 21 nínú ọgọ́rùn-ún tó jẹ́ níhìn-ín náà ló jẹ́ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló fúyẹ́, torí ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ láti òkè ti dín kù. Bí èèyàn bá mí lẹ́ẹ̀kan ní ṣóńṣó Kilimanjaro, ọ́síjìn tó wọ inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì èyí tí ì bá rí ní etí òkun lọ. Ara lè kọ́ bí yóò ṣe fara dà á: èémí á yára sí i, kíndìnrín á tún ẹ̀jẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ọjọ́ ló ń gbà. Agbára kò lè rọ́pò ọjọ́. Àbúrò mi ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé, ó sì rò pé ìyẹn á gbà á. Irú wọn gan-an, àwọn tó lè sáré, ni orí máa ń fọ́, tí wọ́n á máa bì, torí wọn kì í lè rọra rìn.

Ọ̀nà Machame, ọjọ́ méje, ni èmi fọwọ́ sí. Ohun tó wù mí níbẹ̀ ni ọjọ́ kẹta. A ó gòkè dé Lava Tower, ó lé ní 4,600 mítà, a ó jẹun ọ̀sán, a ó sì tún sọ̀kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco, tí kò tó 4,000. Ara á ti tọ́ ibi gíga wò, á sì lọ sinmi nísàlẹ̀. Àwọn kan ń ta Machame yìí kan náà ní ọjọ́ mẹ́fà. Ohun tí wọ́n gé kúrò ni alẹ́ Karanga, èyí tó wà láàárín Barranco àti Barafu tí a ti ń gbéra lọ ṣóńṣó. Alẹ́ kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n òun ló sún mọ́ ìgbà tí ara nílò ìsinmi jù.

Owó ló ń jẹ́ kí wọ́n gé e. Ọgbà ìjọba tí òkè náà wà nínú rẹ̀ ń gba 70 dọ́là lórí àlejò lójúmọ́, 50 dọ́là fún ibùdó àgọ́ lálẹ́, kí wọ́n tó fi owó orí lé e. Mo sọ fún àbúrò mi pé tí owó bá há, kí a dín fọ́tò kù, kí a dín ọjọ́ ìgbafẹ́ ní Zanzibar kù (òun ló dá a lábàá), kí a má fọwọ́ kan Karanga.

Ìyá Bọ́lá ló wá fi ọ̀rọ̀ kan parí ìjà náà. Wọ́n bi àbúrò mi pé, “Jẹ́nótáìpù rẹ ńkọ́?” Ó ní AS. Gbogbo wa dákẹ́.

Nínú gbogbo ìwé tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń kó èèyàn gun òkè fi ránṣẹ́ sí wa, wọ́n béèrè ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n béèrè ikọ́ fée, kò sí èyí tó béèrè AS. Àwa náà kì í sì í rántí rẹ̀ àfi tí ìgbéyàwó bá dé. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ́síjìn bá ti kéré, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ AS kan lè tẹ̀ kọrọdọ bíi ti SS, kí ó dí ẹ̀jẹ̀ lọ́nà nínú ẹ̀yà ara kan tó wà lábẹ́ egungun ìhà òsì. Àwọn dókítà ti kọ nípa irú rẹ̀ lára àwọn tó gun òkè. Ọ̀pọ̀ AS ló ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láìsí nǹkan kan o, ṣùgbọ́n tí ìrora líle bá mú wọn lápá òsì òkè ikùn, ìsọ̀kalẹ̀ ló kàn lójú ẹsẹ̀. SS ní tirẹ̀ kò gbọdọ̀ dán irú rẹ̀ wò. Àbúrò mi ti lọ rí dókítà ẹ̀jẹ̀. Dókítà ní ó lè lọ, tí yóò bá rọra gòkè, tí yóò sì máa mu omi dáadáa. Láti ọjọ́ náà, n kò gbọ́ “ọjọ́ márùn-ún” lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Dókítà kan náà ni yóò sọ bóyá a ó lo Diamox, oògùn tó ń ran ara lọ́wọ́ níbi gíga, torí ẹni tí oògùn súfà, bíi Septrin, máa ń bá jà ní láti ṣọ́ra fún un.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí aṣọ, iṣẹ́ ọwọ́ mi. Jákẹ́ẹ̀tì olówó gọbọi ló kún ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́. Bí mo ṣe ń ka iye wọn ni mò ń rẹ́rìn-ín. Òtútù ṣóńṣó lóru lè lọ sí 10 tàbí 20 lábẹ́ òdo, lóòótọ́, ṣùgbọ́n òtútù kò mọ orúkọ tí wọ́n kọ sáyà jákẹ́ẹ̀tì. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé kí òwú má kan ara rárá. Òwú máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Ìyẹn ló ṣe dára fún ooru wa, òun náà ló sì lè ṣekú pani lókè. Pọ́líẹ́sítà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí aṣọ irun àgùntàn ni kó kan ara, kí fílíìsì, aṣọ òtútù rírọ̀, tẹ̀ lé e, kí jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ki ìyẹ́ sínú wà lórí ìyẹn. Èyí tó wà lóde pátápátá kò gbọdọ̀ gba òjò àti afẹ́fẹ́ láyè.

Gbogbo rẹ̀ ló wà ní òkìríkà. Ta ni yóò ra jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ́ nínú ooru Ògbómọ̀ṣọ́? Ẹni tó ń tà á fẹ́ kó kúrò nílẹ̀ ni. Ẹ fún un pọ̀ mọ́wọ́, kí ẹ sì tú u sílẹ̀: tó bá rú sókè padà, ó ṣì dára, tó bá pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, ìyẹ́ inú rẹ̀ ti kú. Fún jákẹ́ẹ̀tì òjò, ẹ yí i sí òdì, kí ẹ wo ojú ìrán. Ẹ ó rí tépù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá ti ń bó, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má sì gbà kí aránṣọ kankan, títí kan èmi, fi mẹṣíìnì rán ibi tó ya níwájú rẹ̀, torí gbogbo ihò abẹ́rẹ́ lomi ń gbà wọlé. Síìpù tó bàjẹ́ kì í ṣe ìṣòro, ọmọṣẹ́ mi ti pààrọ̀ ti Ìyá Bọ́lá. Bàtà nìkan ni n kò rà níbẹ̀: fóòmù tó wà nínú àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà tó ti pẹ́ nílẹ̀ máa ń jẹrà, àtẹ́lẹsẹ̀ lè ṣí kúrò lójú ọ̀nà. Àpò ìsùn, a ó yá a ní Moshi, ìlú tó wà nítòsí òkè náà.

Àwọn alábàárù ló wá gba àkókò wa jù. Ní 1889, nígbà tí Hans Meyer ará Jámánì àti Ludwig Purtscheller ará Austria kọ́kọ́ dé ṣóńṣó Kibo, ìyẹn orí tó ga jù lára Kilimanjaro, ẹlòmíràn ló ru ẹrù wọn lọ sókè, ìwé kì í sì í sábà dárúkọ àwọn yẹn. Lónìí, ẹrù alábàárù kan kò gbọdọ̀ ju 20 kílò lọ, tirẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà báàgì tiwa kò lè ju 15 lọ. Èmi tí mo máa ń ná ọjà títí ọlọ́jà á fi bínú, mo gbé ìwé owó ilé-iṣẹ́ mẹ́ta kalẹ̀, mo fẹ́ ná wọn. Nígbà tí mo yọ owó ọgbà kúrò nínú èyí tó pọ́ọ́kú jù, mo rí i pé ohun tó kù kò lè bọ́ èèyàn, ká má tíì sọ pé yóò san owó iṣẹ́. Ìjọba kò ní dín tirẹ̀. Oúnjẹ àti owó ọ̀yà àwọn tó ń ru ẹrù ni wọ́n á gé. Mo ju ìwé yẹn nù. Èyí tí a mú wà lára àwọn tí Kilimanjaro Porters Assistance Project ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń ṣe sí alábàárù. Owó ìmoore, a ti ní kí wọ́n kọ ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí a lè kà á lójú gbogbo wọn.

Ìyókù kò le. A ti gba yẹ́lò káàdì, torí Tanzania máa ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọlé. Físà ń lọ lọ́wọ́. Láti Èkó, ọkọ̀ òfuurufú á gbé wa gba Addis Ababa. Fún ẹsẹ̀, òkè Adó-Àwáyé la ń gùn, níbi tí adágún Ìyákẹ́ wà lórí àpáta, ẹ̀yìn Ìsẹ́yìn. Ẹsẹ̀ nìkan ló ń kọ́ níbẹ̀ ṣá. Ẹ̀dọ̀fóró kò mọ̀ pé a lọ ibì kankan.

A kọ àdéhùn kan sílẹ̀, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i: ẹni tí afinimọ̀nà bá ní kó sọ̀kalẹ̀, yóò sọ̀kalẹ̀, ìgbákejì afinimọ̀nà á tẹ̀ lé e, àwọn tó kù á máa lọ. Kò sí ẹ̀bẹ̀. Tí èèyàn bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bí ẹni mutí, tàbí tó ń wú ikọ́ nígbà tó jókòó, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn.

Àbúrò mi wò mí lójú. “Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n ní kí ẹ padà ńkọ́, ẹ̀gbọ́n mi?”

Kí n tó la ẹnu, Ìyá Bọ́lá ti dá a lóhùn: “Èmi ni n ó tì wọ́n lẹ́yìn.”