AI ti túmọ̀ ẹ̀ tán, ẹ kàn bá wa yẹ̀ ẹ́ wò

Okun o, gbogbo ilé. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi mi jù ní Kàbà níbí báyìí ni pé ṣé iṣẹ́ ògbufọ̀ ṣì ń wọlé, nígbà tí AI ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn. Ó ń wọlé o, kódà ó ń pọ̀ sí i, owó ẹ̀ ló ń kéré.

Nígbà tí Google fi Yorùbá kún àwọn èdè tó ń túmọ̀ ní 2013, ẹ̀rín la fi ń rín. Ní 2016 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú AI tó ń wo gbólóhùn lódindi dípò èyí tó ń já a sí wẹ́wẹ́, ChatGPT wá jáde ní ìparí 2022, ẹ̀rín bá tán lẹ́nu wa.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ rèé. Ojú kọ̀ǹpútà pín sí méjì, Òyìnbó lápá òsì, Yorùbá lápá ọ̀tún, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan nínú àpótí tiẹ̀. Trados, memoQ àti irú wọn, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà táwa ògbufọ̀ fi ń ṣiṣẹ́, ti wà tipẹ́ kí AI yìí tó dé, wọ́n máa ń rántí gbólóhùn téèyàn ti túmọ̀ rí. Àmọ́ tẹ́lẹ̀ apá ọ̀tún máa ń ṣófo dè mí ni, báyìí oníbàárà á ti fi AI kún un kó tó fi ránṣẹ́, á ní "ẹ kàn bá wa yẹ̀ ẹ́ wò", á wá gé owó sí ìdajì.

Ẹ wo ohun tí yẹ̀ ẹ́ wò yẹn jẹ́. Ìwé kan lórí ibà ọmọdé, Yorùbá ẹ̀ ń dán, àmì ohùn pé. Òyìnbó ní wọn ò gbọdọ̀ fún ọmọ tí kò tíì jẹun ní oògùn náà. AI ní kí wọ́n fún un kó tó jẹun! Ẹ rí i, àṣìṣe ayé 2013 máa ń pariwo, ti ìsinsìnyí wọ agbádá. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń ka Òyìnbó tán ná kí n tó gbójú sápá ọ̀tún, torí téèyàn bá kọ́kọ́ ka Yorùbá tó dùn, ọkàn ẹ̀ á ti gbà á. Mo tún máa ń wo nọ́ńbà, àti gbogbo ibi tí "kò" àti "má" bá wà.

Ó wúlò sha, mi ò ní purọ́. Tíṣẹ́ bá gùn, ó lè bá mi wá gbogbo ibi tí mo ti pe nǹkan kan lórúkọ méjì, ó sì lè ṣàlàyé ọ̀rọ̀ dókítà tó rú mi lójú. Ìwé kóòtù tàbí ìwé aláìsàn ni mi ò jẹ́ gbé sórí èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ láéláé.

Ti èdè ilé wa ńkọ́? Ẹ sọ Owé tàbí Yàgbà, èdè àwa ará Okun, fún un, Yorùbá ìwé ló máa fi dáhùn, tìgboyàtìgboyà. Bíbélì àti ìwé ìjọ wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì hàn. Mo ka díẹ̀ fún àǹtí mi ní Ìsánlú, wọ́n ní ṣé pásítọ̀ ló kọ ọ́ ni.

Ní tèmi, wákàtí ni mo ń gba owó fún báyìí, kì í ṣe iye ọ̀rọ̀ mọ́. Àwọn kan kọ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Àwọn tó kù, ìwé ibà yẹn ni mo fi hàn wọ́n, wọ́n sì san án.