Kí bàbá má sá fún ilé ìwòsàn

Àwọn bàbá tó fẹ́ràn ọkùnrin wà ní Ìlọrin àti Ọ̀fà. “Bàbá, ìyá ńkọ́? Àwọn ọmọ dà?” Ìbéèrè yìí ní ilé ìwòsàn ti tó láti mú kí wọ́n má padà wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́. Ó ń dùn mí, torí rọpárọsẹ̀ ló máa ń tẹ̀lé e.

Òfin ọdún 2014, tó fi ẹ̀wọ̀n ọdún 14 de ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin, ń dẹ́rù bà wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin ìlera ọdún kan náà, abala 26, ní kí wọ́n pa àṣírí aláìsàn mọ́.

Ẹ kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán sí fáìlì yín, ì báà jẹ́ ọ̀rẹ́. Ẹni tó ń lo oògùn àyà tó ní nitrate kò gbọdọ̀ lo Viagra (oògùn agbára ọkùnrin): ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀ lójijì, ó sì lè pa á.