Ẹrù yín dà?

Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn oṣù kẹwàá. Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin.

Aago márùn-ún kò tíì lù tí mo fi jáde nílé. Òkùnkùn ṣì wà, àwọn ìyá ológì nìkan ló ti dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Oní-zẹ́mìjàn, ìyẹn ọlọ́kadà, tó gbé mi bi mí pé ṣé irú aago báyìí ni ọmọbìnrin ń lọ sétí ọ̀sà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ̀ ìdíje orí omi la fẹ́ lọ wà. Kò dáhùn. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, kò lọ. Ó tan iná kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sójú ọ̀nà títí mo fi dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù kó tó yí padà. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Ọlọ́run á tan iná sọ́nà tiẹ̀ náà.

Òní la kọ́kọ́ pé sínú ọkọ̀ kan náà láti ìgbà tí ìsinmi ti parí. Orí ilẹ̀ la ti wà látọjọ́ yìí: eré sísá gba orí afárá lọ bọ̀, àti ẹ̀rọ tí à ń pè ní ergo, èyí tó dà bí ọkọ̀ tí kò lómi lábẹ́, tí èèyàn á jókòó lé, táá máa fa ọwọ́ rẹ̀ títí òógùn á fi bò ó lójú. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní. Ẹni tí kò bá sí lórí ẹ̀rọ á máa ka ìṣẹ́jú fún ẹni tó wà níbẹ̀. Orí ilẹ̀ dára, àmọ́ orí ilẹ̀ kì í ṣe omi.

Àwa mẹ́rin la ń wa ọkọ̀ wa: ọmọ Kétu, ọmọ Sakété, ọmọ Pọ́bẹ̀, àti èmi ọmọ Àjàṣẹ́. Ọmọ Aguégué, abúlé orí omi, ló ń tukọ̀ fún wa. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí olùkọ́ ti bi wá pé níbo ni kálukú ti wá la ti ń fi orúkọ ìlú pe ara wa. Ọmọ Kétu ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Orí òkè gbígbẹ ni Kétu wà, omi kànga ibẹ̀ jìn nísàlẹ̀, ó sì máa ń sọ fún wa pé nígbà tí òun wà lọ́mọdé, omi tí wọ́n bá fi ṣan ẹ̀fọ́ nílé wọn, wọn kì í dà á nù. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dún tó kọjá, kò mọ̀wẹ̀ rárá. Tó bá wọ ọkọ̀ tí wọ́n so mọ́ èbúté, á di etí ọkọ̀ mú bí ọmọ tó ń bẹ̀rù kí ìyá rẹ̀ má gbé òun sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta ló fi kọ́ ìwẹ̀, torí lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tí kò bá lè wẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan àjẹ̀. Lónìí, àyè mi ni olùkọ́ gbé fún un.

Chef de nage ni wọ́n ń pe ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Òun ló ń dojú kọ atukọ̀, bó bá ti fà ni àwọn mẹ́ta tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fà. Èmi wá bọ́ síwájú ọkọ̀. Iwájú yẹn gan-an sì ni ẹ̀yìn gbogbo wọn, nítorí pé ẹ̀yìn ni àwa tí a ń wa irú ọkọ̀ yìí ń kọ sí ibi tí à ń lọ. Atukọ̀ nìkan ló ń rí ọ̀nà.

Ó dùn mí. Mi ò ní parọ́ nínú ìwé ara mi. Olùkọ́ kò ṣàlàyé kankan, ó kàn kà á jáde, ó ní ká lọ gbé ọkọ̀. Mo bá wọn gbé e, mi ò sọ̀rọ̀.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe irú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́ tí a máa ń rí lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọkọ̀ etíkun ni, ikùn rẹ̀ fẹ̀, ìgbì kì í tètè dojú rẹ̀ dé, omi tó bá sì bù wọ inú rẹ̀ á gba ìdí ọkọ̀ ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Òfin eré náà kárí ayé ni pé irú ọkọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́rin bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fúyẹ́ ju kìlógíráàmù 150 lọ. Ẹni tó bá bá wa gbé e gba inú ẹrẹ̀ kọjá ní ìdájí ló mọ bí 150 ṣe rí.

Ọ̀sà ti kún. Bó ṣe máa ń rí ní àsìkò yìí lọ́dọọdún nìyẹn, omi tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún ló ń bá Odò Wẹ̀mẹ̀ wá. Ó ti bo pákó tí a máa ń dúró lé láti wọ ọkọ̀. Ó sì ti kó koríko ojú omi wá, èyí tí òdòdó rẹ̀ rí bí elése àlùkò, tó rẹwà lójú ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe lórí omi. Iyọ̀ ló ń pa á. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, tí omi òkun bá rí àyè wọlé, á jẹrà, á sì lọ. Kó tó dìgbà náà, ọwọ́ la ó máa fi já a kúrò lára àjẹ̀.

Olùkọ́ wà nínú ọkọ̀ kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní ká máa fa àjẹ̀ 18 láàárín ìṣẹ́jú kan, ká má jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé à ń tòògbé. Ṣùgbọ́n inú ìfà tó lọ́ra yìí ni àṣìṣe kì í ti í rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ ti ọkọ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, apá á gbẹ̀yìn. Tí a bá ń padà bọ̀, apá ló ń ṣíwájú, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, orúnkún á wá ká. Àjẹ̀ mẹ́jọ ló wà nínú ọkọ̀ wa, méjì méjì lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá wọ omi pọ̀, ìró kan ṣoṣo lèèyàn á gbọ́, pọ̀ọ́, lẹ́yìn náà omi á máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ ọkọ̀. Tí ẹnì kan bá pẹ́ díẹ̀, á dún bí ìgbà tí wọ́n da àgbàdo sínú páànù.

Ní àyè tí mo wà tẹ́lẹ̀, ojú atukọ̀ nìkan ni mo ń rí. Lónìí, ẹ̀yìn mẹ́ta ni mo rí. Ọmọ Pọ́bẹ̀ ń gbé èjìká òsì sókè, bóyá òun gan-an kò mọ̀. Ọmọ Sakété ń mí bó ti yẹ. Mo tẹjú mọ́ ọmọ Kétu láti ibi tí mo wà. Kì í kánjú padà bọ̀. Tó bá ti fà tán, á rọra máa bọ̀ bí ẹni tó ru àmù omi tó kún dẹ́nu, tí kò fẹ́ kí ẹ̀kán kan dànù. Ọkọ̀ sì ń sáré lábẹ́ wa nígbà tí ẹnikẹ́ni kò fà á. Ní gbogbo ọdún tó kọjá, olùkọ́ ń sọ fún mi pé mo ń kánjú padà, pé ìkánjú mi ń dá ọkọ̀ dúró. Mo rò pé ó kàn ń wá nǹkan sọ ni. Òótọ́ ló ń sọ. Mo rí i lẹ́yìn ọrùn ọmọ Kétu lónìí.

Ibi tí mo ti ń wò ó ni wàhálà ti bá wa. Ẹni tó wà níwájú ọkọ̀ ló yẹ kó máa bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti ran atukọ̀ lọ́wọ́, pàápàá nígbà tí kùrukùru bá wà. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Àkájà la lọ kọ lù. Ẹ̀ka igi ni àwọn apẹja ń rì mọ́ inú ẹrẹ̀ ọ̀sà, kí ẹja lè máa sá sábẹ́ rẹ̀ kí wọ́n sì máa bí sí i níbẹ̀, tó bá pẹ́, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á kó wọn. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, orí igi wọ̀nyí máa ń yọ síta. Lónìí, omi ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ọmọ Aguégué ké ní èdè Gùn, ó ké ní Faransé, ó wá fi Yorùbá ké e: “Ẹ dúró! Ẹ dúró!” Ó ti pẹ́ jù. Àjẹ̀ ọwọ́ òsì mi há sáàárín igi méjì, ọwọ́ rẹ̀ yí padà nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, awọ sì bó nídìí ìka mẹ́ta. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọmọ Kétu na ọwọ́ sẹ́yìn láì yíjú, ó kàn nà án títí ó fi kan ọmọ Pọ́bẹ̀, ọmọ Pọ́bẹ̀ na tiẹ̀ sí ọmọ Sakété, ọmọ Sakété dì mí lórúnkún mú. Wọn ò sọ nǹkan kan.

A dúró níbẹ̀ tí à ń yọ àjẹ̀ kúrò láàárín igi nígbà tí àwọn ìyá ọlọ́jà láti Aguégué yọ láti inú kùrukùru, ọkọ̀ mẹ́ta. Tòmátì, ẹ̀fọ́, ẹja nínú apẹ̀rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹrù ti tẹ ọkọ̀ wọn débi pé ìka méjì péré ló kù kí omi bù wọlé. Ìyá àgbàlagbà kan ló wà ní ìdí ọkọ̀ tó gbẹ̀yìn, àjẹ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ kọ sí ibi tó ń lọ. Ó fi Yorùbá ọjà kí wa.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹrù yín dà?”

A wo ara wa. Mo ní, “A ò ru nǹkan kan, Màmá. Ìdíje la ń múra sílẹ̀ fún.”

Ó wo inú ọkọ̀ wa láti orí dé ìdí, bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù. Kò fi wá ṣẹ̀sín. Ó káàánú wa ni. Ó ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn sọ́nà?” Ó já ọ̀gẹ̀dẹ̀ lára ọ̀pá rẹ̀, ó jù ú sínú ọkọ̀ wa, ó ní ẹni tó bá ń wa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ní gbogbo àkókò yìí, ọkọ̀ rẹ̀ kò dúró.

Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi wọ kíláàsì. Olùkọ́ mìíràn ń kọ̀wé sójú pátákó, èmi ń bi ara mi pé ẹrù wa dà. Mo rántí ohun tí olùkọ́ wa sọ fún wa lọ́jọ́ tó ń kó wa jọ. Láti 1900 ni àwọn ọkùnrin ti ń fi ọkọ̀ wíwà díje ní Òlíńpíìkì. Ó di 1976, ní Montréal, kí wọ́n tó gba obìnrin láyè, mítà 1000 ni wọ́n sì fún wọn wà, ìdajì tàwọn ọkùnrin. Ó di Seoul ní 1988 kí wọ́n tó fún wọn ní 2000 tó pé. Àwọn kan jókòó síbì kan, wọ́n pinnu pé omi tó ju 1000 lọ pọ̀ jù fún obìnrin. Inú máa ń bí mi sí i, ó sì tún bí mi lónìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ọrùn ọwọ́ ìyá yẹn. Ta ló dín Wẹ̀mẹ̀ kù fún un rí?

Olùkọ́ tún máa ń mú orúkọ Privel Hinkati wá, tó wa ọkọ̀ fún Benin ní Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021. Ẹ̀ka kan nínú eré etíkun tiwa yìí náà ti wọ ètò Los Angeles 2028. Ọmọ Sakété ti kọ 2028 sẹ́yìn ìwé rẹ̀. Èmi ò kọ ọ́. Oṣù kẹta ni mò ń wò, ìdíje wa àkọ́kọ́, kìlómítà 4.

Ìyá àgbà ti jẹun tán nígbà tí mo wọlé lálẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn. Wọ́n rí aṣọ tí mo fi di ọwọ́, wọ́n ní kí n tú u. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ etí ojú egbò náà yí ká, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wò bóyá èso ti pọ́n.

“Àjẹ̀ kọ́ ló ṣe báyìí.”

“Àjẹ̀ ni, Màmá.”

Wọ́n na ọwọ́ tiwọn sí mi. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fi òwò orí omi sílẹ̀, kí wọ́n tó bí màmá mi, síbẹ̀ awọ líle ṣì wà nídìí àtàǹpàkò ọ̀tún, òmíràn wà láàárín àtẹ́lẹwọ́ òsì níbi tí orí àjẹ̀ máa ń jókòó sí. Tèmi wà nídìí ìka. A gbé ọwọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sábẹ́ iná, a ń wò wọ́n. Ìkòkò Àjàrá ni wọ́n ń gbé gba orí ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì, àwọn àti ìyá wọn, ìrìn tó sún mọ́ kìlómítà 30. Òru ni wọ́n ń gbéra kí oòrùn má bàa pa wọ́n. Koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń tẹ́ ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, ẹni tí ìfà rẹ̀ bá le jù, tí ìkòkò bá fi gbá ara wọn, òun ló máa san èyí tó bá fọ́. Wọ́n ní ìyá àwọn máa ń sọ pé, “Má jẹ́ kí ìkòkò mọ̀ pé ò ń fà á.”

Mo ní kí wọ́n tún un sọ. Wọ́n tún un sọ. Ọmọ Kétu ló wá sí mi lọ́kàn.

Mo wá sọ fún wọn nípa ìyá Aguégué àti ìbéèrè rẹ̀. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n mú òrí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi pa ọwọ́ mi.

“Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ kọ ẹ̀yìn sọ́nà?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Ta ló wá ń wo ọ̀nà fún yín?”

“Ọmọ Aguégué kan ni.”

“Ó mọ omi?”

“Orí omi ni wọ́n bí i sí.”

Wọ́n pa òrí náà títí ó fi wọlé. Wọ́n ní kí n mú un wá sílé lọ́jọ́ Sátidé, kó wá jẹ ẹ̀kọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ ibi tí àkájà máa ń wà fún un láti ibi afárá lọ títí dé ìhà Àgbádárìgì, kó sì sọ fún àwọn èyí tí wọ́n ti wú kúrò. Wọ́n bi mí bóyá ó ń jẹ ata.