Mẹ́nù kọ ọ̀fadà, ìrẹsì funfun ló dé: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Nínú gbogbo oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ń fi alùpùpù gbé kiri Èkó, mi ò tíì rí èyí tí orúkọ rẹ̀ àti ohun tó wà nínú ike máa ń jìnnà síra tó ọ̀fadà. Mẹ́nù á ní: "Ọ̀fadà nínú ewé, ayamaṣe, ẹran orísirísi." Gbogbo rẹ̀ ló ṣeé yẹ̀ wò.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìrẹsì. Ọ̀fadà, tó ń jẹ́ orúkọ ìlú Ọ̀fadà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, hóró rẹ̀ kúrú, ó sanra, ìlà pupa sì máa ń wà lára rẹ̀ torí pé wọn kì í bó eèpo rẹ̀ tán. Ó ní òórùn tirẹ̀, látinú omi tí wọ́n rẹ ẹ́ sí kí wọ́n tó bọ̀ ọ́. Ẹni tí kò fẹ́ òórùn yẹn, kó ra jọ̀lọ́ọ̀fù. Bí hóró bá gùn, tó tín-ín-rín, tó sì ń dán, kì í ṣe ọ̀fadà. Bí méjèèjì bá wà pọ̀, wọ́n lú u ni.

Àmọ́ kì í ṣe jìbìtì ló sábà máa ń fà á. Ọ̀pọ̀ ibi, ìkòkò ọ̀fadà kan ni wọ́n ń gbé kaná láàárọ̀. Tó bá fi máa di aago kan ọ̀sán, ó ti tán, kò sì sẹ́ni tó rántí yọ ọ́ kúrò lórí áàpù. Wọ́n á wá bu funfun. Torí náà, kí aago méjìlá tó lù, kẹ́ ẹ sì tó sanwó, ẹ pè wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọ̀fadà ṣì kù?" Bí wọ́n bá ń kó ọ̀rọ̀ jẹ lẹ́nu, ẹ wá ibòmíràn.

Ayamaṣe ló le jù. Ọbẹ̀ Ìkẹ́nnẹ́ ni, ata tí kò tíì pọ́n ni wọ́n fi ń sè é: tàtàṣé aláwọ̀ ewé, rodo aláwọ̀ ewé, àlùbọ́sà, irú, àti epo pupa tí wọ́n gbé kaná títí pupa rẹ̀ fi lọ. Ọbẹ̀ ata pupa tó ní irú lè dùn dáadáa, ọ̀pọ̀ ń pè é ní ọbẹ̀ ọ̀fadà, ṣùgbọ́n ayamaṣe kọ́. Ẹ fi síbí tẹ etí ọbẹ̀ náà. Bí omi bá sun jáde lábẹ́ epo, wọn ò jẹ́ kí ata gbẹ. Tàtàṣé mẹ́fà, rodo mẹ́wàá àti àlùbọ́sà méjì tí a lọ̀ pọ̀ máa ń gba bí ìṣẹ́jú 20 nínú ìkòkò tí a ò dé, kí omi rẹ̀ tó fà. Ẹni tó ń kánjú á fo ibẹ̀, ọbẹ̀ á sì tètè kan. Bí ó bá korò, tó ń rùn bí èéfín, epo ló jóná: iná kékeré ló yẹ, ìkòkò ní ìdérí, ìṣẹ́jú 10 sí 15, kó sì tutù kí wọ́n tó ṣí i.

"Orísirísi" ò ní iye. Ó lè jẹ́ ṣàkì, fùkù àti abọ́dí; ó lè jẹ́ pọ̀nmọ́ mẹ́ta péré. Ẹ béèrè iye ègé, kí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ dáhùn. Ní ti ewé eéran, ìgbà tí ìrẹsì ṣì gbóná ni wọ́n gbọ́dọ̀ pọ́n ọn sí i. Èyí tí wọ́n gé tẹ́ sábẹ́ ike, ẹ̀ṣọ́ lásán ni.

Kí ẹni tó gbé e wá tó kúrò, ẹ ṣí i, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì láìtíì fọwọ́ kàn án. Ẹ sọ ohun kan pàtó: "Ọ̀fadà ni mo sanwó fún, funfun lẹ bù." Ẹni tó bá ní "oúnjẹ yín ò dáa" kò ní rí kọ́bọ̀ gbà, ẹni tó bá sì ti jẹ ìdajì náà ò ní rí i gbà. Òfin FCCPA ti ọdún 2018, tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, fẹ́ kí ọjà tí a fi àpèjúwe rà bá àpèjúwe rẹ̀ mu, àmọ́ èmi kì í fi òfin bẹ̀rẹ̀. Ìjà ló ń dá sílẹ̀.

Bí wọ́n bá kọ̀, tí ebi sì ń pa yín, ọbẹ̀ olómi yẹn ṣì ṣeé tún sè. Ẹ bu epo tó léfòó lórí rẹ̀ sínú páànù, ẹ fi din àlùbọ́sà kékeré kan àti síbí irú kan, kẹ́ ẹ da ìyókù lé e, kẹ́ ẹ má dé e fún ìṣẹ́jú 10. Ìrẹsì ní tiẹ̀, funfun ló máa jẹ́.