Ẹ̀yìn Fọ́tò

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan gbà mí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, pé kí n wá tú ẹrù wọn wò kí n sì fi ohun tí mo bá rí yàwòrán. Ayọ̀ ò jẹ́ kí n béèrè ohun tó yẹ. Ọjọ́ tí mo dé ni wọ́n tó sọ pé àpótí tí mo fẹ́ wà nílé ìkẹ́rùsí kan lẹ́yìn ìlú, ó di ọjọ́ mẹ́fà kó tó dé. Bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe wọmi nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nọ́ńbà àpótí ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó wọkọ̀.

Bírò kì í wọ yàrá ìkàwé wọn, pẹ́ńsù nìkan. Mo ti lọ ra ìbọ̀wọ́ funfun, mo rò pé mo gbọ́n. Àṣé fọ́tò àti irin ló ń fẹ́ ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ tó mọ́ tó sì gbẹ ni ti ìwé, torí ìka tó wà nínú ìbọ̀wọ́ kì í mọ bí bébà ṣe fẹ́lẹ́ tó, kíá ló máa fà á ya.

Kátálọ́ọ̀gì, àkọsílẹ̀ gbogbo ẹrù wọn, ló dá mi lágara. Fọ́tò àwọn obìnrin tó ń hun aṣọ ni mò ń wá, kò sì gbé ẹyọ kan jáde. Obìnrin kan tó ń tọ́jú àpótí ló là mí lójú: bí ẹrù bá ṣe ti ọwọ́ oní-nǹkan wá ni wọ́n ń tò ó, nítorí náà orúkọ ayafọ́tò ni kí n wá.

Mo wá rántí Fred Wilson, oníṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà kan. Ní 1992, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní Baltimore, ó kó ife fàdákà àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ẹrú sínú àpótí dígí kan náà, ó kọ "iṣẹ́ irin" sí i. Irọ́ kọ́, bí kátálọ́ọ̀gì ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ kẹta, mo rí wọn. Obìnrin mẹ́ta nídìí òfì, èyí àárín di òwú mọ́ eyín. Mo yí fọ́tò náà padà. Nọ́ńbà kan tí wọ́n fi pẹ́ńsù fagi lé, òmíràn lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ayafọ́tò, ọjọ́ tó yà á, àti "òṣìṣẹ́ mẹ́ta". Ó tán.

Ẹ̀yìn yẹn ni mo yà, ìlà tí wọ́n fi fagi lé nọ́ńbà gan-an ò gbẹ́yìn. Ọ̀gá wọn béèrè ìgbà tí màá ya iwájú.