Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí processor àti GPU

Ẹ̀yin àbúrò mi, ọdún 2018 ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe fídíò ìgbéyàwó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá bá mi ní Ìkẹjà. Ó ní ó ti ń falẹ̀ jù, kí n bá òun pààrọ̀ processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà. Mo tú u, mo wo ihò tí processor jókòó sí: LGA 1151. Mo wọ Computer Village, mo ra processor ìran kẹjọ ti ilé iṣẹ́ Intel. LGA 1151 ni wọ́n kọ sí tòun náà, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sanwó. Ó jókòó wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo ti irin rẹ̀ pa, mo fi paste sí i lórí, mo dé fáànù lé e, mo tan iná. Fáànù ń yí. Ojú kọ̀ǹpútà dúdú bí ìdí ìkòkò.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú u tí mo tún un tò, òógùn bò mí. Ìgbà tí mo wá jókòó ka ìwé rẹ̀ ni mo rí i pé ihò kan náà ni lóòótọ́, ẹsẹ̀ 1151 kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àwọn ẹsẹ̀ kan ti yí padà. Àfi bọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà jókòó lé) tó jáde láti ìparí 2017 síwájú ló lè gbé e. Bọ́ọ̀dù oníbàárà mi, ti 2015 ni. Èmi ni mi ò kàwé, àpò mi náà sì ni owó bọ́ọ̀dù tuntun ti jáde. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ máa rò pé processor nìkan lẹ fẹ́ rà, bẹ́ẹ̀ bọ́ọ̀dù ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀, nígbà mìíràn RAM náà.

Àwọn kan á ní, ṣebí kéèyàn kúkú máa ra ti AMD, ilé iṣẹ́ tó ń bá Intel du ọjà processor. Òótọ́ ni pé ihò AM4 wọn pẹ́: processor tuntun ń jáde fún un láti 2016 títí kọjá 2022. Àmọ́ ní May 2020, AMD ní ìran processor tó ń bọ̀ kò ní bá bọ́ọ̀dù B450, tó ní ihò AM4 kan náà, ṣiṣẹ́. Ariwo ta, kò sì pé oṣù kan tí wọ́n fi yí ohùn padà. Ariwo oníbàárà ló ṣílẹ̀kùn yẹn, ẹ má pè é ní inú rere.

Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n so òun mọ́ ojú kan láti ìbẹ̀rẹ̀, IBM ni. Ọdún 1981 ni wọ́n gbé PC wọn jáde, Intel 8088 ni ọpọlọ rẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọjà: IBM ní àfi kí ilé iṣẹ́ mìíràn náà máa ṣe irú processor yìí. Bí AMD ṣe rí àyè wọlé nìyẹn, òun àti Intel tọwọ́ bọ̀wé ní 1982. Nígbà tí processor tuntun, 386, dé ní 1985, Intel ní òun ò fún AMD láyè àtiṣe é mọ́, wọ́n sì fa ẹjọ́ títí di 1995.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn yìí ló kàn. Ní 2001, Intel àti HP gbé processor Itanium jáde. Èdè tuntun pátápátá ló ń gbọ́, software àtijọ́ wá ń wọ́ lórí rẹ̀ bí ìgbín. AMD kò fi èdè àtijọ́ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Ó fẹ̀ ẹ́ lójú dé bit 64 (kó lè gbé nọ́ńbà tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan) ní 2003, gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ti kọ tẹ́lẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ní 2004, Intel fúnra rẹ̀ gba èdè tí AMD ṣe. Títí dòní, kò sí èyí tó lè ṣe processor irú èyí láìlo ohun tí ẹnì kejì ní. Adìẹ bà lókùn, ara ò rokùn, ara ò rọ adìẹ. Kó má sì rọ̀ wọ́n láé, àwa la ń jèrè rẹ̀.

Ti GPU, ìyẹn káàdì tó ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, ló gbóná jù, torí kò sí ihò kankan tẹ́ ẹ lè fojú rí níbẹ̀. Nvidia, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe GPU, gbé CUDA, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ kóòdù fún káàdì rẹ̀, jáde ní 2007, lọ́fẹ̀ẹ́. Káàdì tí ọmọdé fi ń ṣe géèmù lè lò ó, akẹ́kọ̀ọ́ wá ń fi kọ́ iṣẹ́. Ní 2012, GTX 580 méjì, káàdì géèmù lásán, ni àwọn ará Yunifásítì Toronto fi kọ́ AlexNet, ètò kọ̀ǹpútà kan, tó fi wá mọ àwòrán yàtọ̀ síra. Láti ìgbà náà, orí CUDA ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ́lé sí.

Èmi náà kọ́lé síbẹ̀. Nígbà tí mo fi títò sílẹ̀ bọ́ sídìí kóòdù, CUDA ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fún wa ní káàdì AMD níbi iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ kóòdù CUDA kì í ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀rù ò bà mí: AMD ní irinṣẹ́ kan, hipify, tó ń yí ọ̀rọ̀ CUDA padà sí ti AMD: ó ń sọ cudaMalloc di hipMalloc, ó ń sọ cudaMemcpy di hipMemcpy. Ọ̀sán ọjọ́ kan la fi parí rẹ̀. Kóòdù ṣiṣẹ́, kò ké, kò kú, ìdáhùn rẹ̀ ni kò tọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi wá ìdí rẹ̀. Lórí káàdì Nvidia, thread (okùn iṣẹ́ kéékèèké) 32 ló ń rìn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Lórí èyí tó wà lọ́wọ́ wa, 64 ni. Mo ti kọ 32 káàkiri inú kóòdù náà, ibi mọ́kànlá, láìronú, bí ẹni ń kọ orúkọ ara rẹ̀.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lo CUDA o. Mo ń lò ó dòní, ìwé rẹ̀ yéni, ibi tó bá sì ti bàjẹ́ kì í pẹ́ rí. Ṣùgbọ́n ojú kan ni mo ń kọ iye yẹn sí báyìí, fáìlì ọ̀tọ̀ ni gbogbo ohun tó bá kan káàdì ń gbé. Bí PyTorch, àkójọ kóòdù tí àwọn mìíràn ti kọ sílẹ̀ fún irú iṣẹ́ yìí, bá sì ti lè ṣe iṣẹ́ náà, mi ò fọwọ́ ara mi kọ ọ́ mọ́.

PyTorch yẹn náà ní tirẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó gbé iṣẹ́ lọ sórí káàdì AMD, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa kọ sínú kóòdù ṣì ni "cuda". Àbúrò kan lọ́dọ̀ wa rí i lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé èyí láì yí i padà." Mo ní kó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn.