Etí mi ṣì ń hó, àmọ́ mo ti ń sùn

Ẹ bá mi dúpẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá ariwo etí náà ti lọ tán kí n tó máa jẹ́rìí, kò tíì lọ. Oorun ni mo ń dúpẹ́ fún.

Òru ọjọ́ tí NEPA mú iná yẹn, ojú mi rí màbo. Fáànù dúró, àdúgbò pa lọ́lọ́, ni etí méjèèjì bá ń han gooro! Mo ní ìrẹ̀ ló wọ yàrá. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo wọ́ bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, mo gbọn bàtà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìrẹ̀ wo? Mo fọwọ́ di etí, ó tún le sí i. Mo bú sẹ́kún nílẹ̀ níbẹ̀, mo gbà pé orí mi ti ń dàrú.

Ẹ wá wo abánikẹ́dùn! Wọ́n ní ayé ló ń pè mí, kí n má dáhùn. Ẹnì kan ní wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi níbì kan. (Òun gan-an ló ń sọ ọ́, ó sì ń ka èyí.) Òmíràn gbé àdín gbígbóná wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da nǹkan sétí, ẹ má sì ki igi ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ìwọ lo fà mí dé ọ̀dọ̀ dókítà etí, Ọlọ́run á gbé ọ ga. Wọ́n fi nǹkan dé mi létí nínú yàrá kótópó, pé kí n máa tẹ bọ́tìnnì tí mo bá ti gbọ́ ìró. Ìró tó nípọn, mo gbọ́ ọ. Nígbà tó di èyí tó tínrín, mo kàn ń wo nọ́ọ̀sì lójú ni. Dókítà ní ẹ̀rọ ìlọta tí mo ti ń dúró tì láti ìgbà ọmọge ló ba àwọn irun tíntìntín tó ń gba ìró nínú etí lọ́hùn-ún jẹ́, wọn kì í sì í hù padà. Ìró tí kò dé ọpọlọ mọ́, ọpọlọ ń fi tirẹ̀ dí i.

Kò sí oògùn tó ń pa á tán, àmọ́ wọ́n ní kí n má sùn nínú ìdákẹ́rọ́rọ́: kí n ṣí rédíò oníbátìrì sílẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kó má borí ariwo etí, kí ọpọlọ lè fojú fò ó díẹ̀díẹ̀. Ìyá ọkọ mi tí kì í fẹ́ gbóhùn rédíò lóru ló ń ra bátìrì fún mi báyìí!

Tó bá jẹ́ etí kan ṣoṣo ló ń hó, tàbí tó ń lù kì-kì-kì bí àyà ṣe ń lù, tàbí tí etí ṣàdédé di, ẹ tètè lọ rí dókítà etí. Ẹni tó ń lo kuníìnì tí etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, kó sọ fún dókítà.

Mo ti ń dé ìbòtí tó ń dín ariwo kù, irú ti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, ní ìsọ̀. Ẹ̀yin oníbàárà tí ẹ ní mò ń ṣe fọ́ọ̀mù, ẹ máa fìka júwe iye ata tí ẹ fẹ́ lọ̀.